Bí ẹ ṣe lè ná yàrá òtẹ́ẹ̀lì lórí ayélujára, kó má sì dùn yín lẹ́yìn

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ní ọjà Ouando, níbí l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), iye tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ pè láàárọ̀ kọ́ ló máa pè mọ́. Ó mọ̀ pé ẹ̀fọ́ tó bá bá òun sùn, rírọ ni yóò rọ. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì tún burú ju ẹ̀fọ́ lọ. Ẹ̀fọ́ tó rọ ṣì lè di oúnjẹ ewúrẹ́, ṣùgbọ́n yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí lánàá, owó àná ti wọmi. Owó iná kò sì dúró, owó oṣù òṣìṣẹ́ kò dúró. Ìdí nìyẹn tí òtẹ́ẹ̀lì tó ń gba euro 150 ní Paris fi lè yọ̀ǹda yàrá kan náà ní 80 bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́lé. Ohun kan ló ń bà á lẹ́rù: pé ẹni tó ti san 150 lè gbọ́. Ó wá gbé yàrá náà fún ìkànnì tó máa tà á láì dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì, tàbí tó máa lù ú ní gbàǹjo.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ẹbí àti àwọn oníṣòwò wa gba yàrá lọ́nà yìí: ẹni tó ń lọ kó ọjà, ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ, ẹni tó ń lọ rí dókítà. Ohun tí mo rí ni pé àwa tí a mọ ọjà ná dáadáa, bí a bá ti dé ojú fóònù, à ń gbàgbé. Ẹni tó lè fi ìdajì wákàtí ná aṣọ 4,000 sẹ́fà, láàárín ìṣẹ́jú méjì ló máa sanwó yàrá 60,000. Ó ń dùn mí. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Físà ló ṣáájú

Kí ẹ tó wá ẹ̀dínwó kankan, ṣé físà ti wà lọ́wọ́? Yàrá tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, bí ẹ bá ti sanwó rẹ̀, ó parí. Wọn kì í dá owó padà, wọn kì í pààrọ̀ ọjọ́, wọn kì í sì í pààrọ̀ orúkọ. Bí wọn kò bá fún yín ní físà, ọ̀fọ̀ lẹ ṣe.

Fún ìwé físà Schengen, èyí tí a fi ń wọ Faransé àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ibi tí ẹ máa sùn, ẹ gba yàrá tó ṣeé fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Booking.com tàbí irú rẹ̀, ẹ tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ẹ fi sínú fáìlì. Bí físà bá jáde, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó rọjú. Ẹ kọ́kọ́ gba tuntun kí ẹ tó fagi lé ti tẹ́lẹ̀, ẹ sì ṣọ́ ọjọ́ tí àǹfààní àtifagi lé e máa dópin, torí bó bá fi wákàtí kan kọjá báyìí, méjèèjì lẹ máa san. Ìwé tuntun yẹn ni kí ẹ mú dání, nítorí ọlọ́pàá ẹnubodè lè béèrè ibi tí ẹ̀ ń lọ sùn.

Ẹni tó ń lọ sí Lomé, Accra tàbí Èkó kò nílò físà fún 90 ọjọ́, nítorí ECOWAS. Ṣùgbọ́n fún àwọn ìlú wọ̀nyẹn, ìkànnì gbàǹjo kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Fóònù ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo máa dé orí ìyẹn nísàlẹ̀.

Ẹ mọ iye ọjà

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun sì ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ lọ sórí ìkànnì òtẹ́ẹ̀lì tó ń dárúkọ, ẹ fi ọjọ́ yín sí i, ẹ mú àdúgbò tí ẹ fẹ́ àti ìràwọ̀ tí ẹ fẹ́ (ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí òtẹ́ẹ̀lì ṣe dára tó), kí ẹ kọ òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tó dín owó jù tó sì ṣeé gbé. Kì í ṣe iye tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ o. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ gba nọ́ńbà káàdì, torí ibẹ̀ ni owó-orí àti owó iṣẹ́ ti máa ń yọjú.

Àpẹẹrẹ kan: Paris ń gba owó-orí lọ́wọ́ àlejò, lórí ènìyàn kọ̀ọ̀kan, fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ìràwọ̀ òtẹ́ẹ̀lì bá ṣe pọ̀ tó ni owó náà ṣe ń ga sí, ó sì lè jẹ́ pé orí káńtà òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti máa gbà á. Ènìyàn méjì, alẹ́ márùn-ún, ẹ rí i pé kì í ṣe owó tí a lè fojú fò. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní May 12, 2025 tó sọ ọ́ di dandan pé kí àwọn tó ń ta yàrá sọ àpapọ̀ owó láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo owó dandan tí wọ́n máa ń fi pamọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lè yọ owó-orí ìjọba sẹ́yìn, nítorí náà ẹ má dẹ́kun àtiwo ìparí.

Ó rọrùn fún wa láti ṣírò euro, torí iye rẹ̀ kò yí padà: euro 1 jẹ́ 655.957 sẹ́fà. Euro 80 á jẹ́ 52,477 sẹ́fà. Dọ́là ní tirẹ̀ ń lọ sókè sódò, ẹ wò ó lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó gan-an.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ òpin owó yín sílẹ̀ kí ojú yín tó rí yàrá kankan. Ìlànà tèmi ni pé yàrá tí kò ṣeé fagi lé gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí èyí tó ṣeé fagi lé. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ euro mẹ́fà tàbí méje, mi ò gbà á. Àǹfààní pé ẹ lè yí ọkàn padà, ọjà ni òun náà, ó sì ní iye tirẹ̀.

Ohun tó ti kú, tí wọ́n ṣì ń kọ́ni

Ẹ ó rí àwọn tó ń sọ pé ẹ lọ sórí Priceline kí ẹ pe iye tó wù yín. Lóòótọ́ ni tẹ́lẹ̀. Jay Walker ló dá ìkànnì náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1998. Ẹ máa mú àdúgbò àti ìràwọ̀, ẹ máa pe iye, ẹ máa fi nọ́ńbà káàdì sílẹ̀. Bí òtẹ́ẹ̀lì kan bá gbà, wọ́n á yọ owó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìgbà yẹn lẹ tó máa mọ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ máa dúró fún wákàtí 24 kí ẹ tó tún pe iye, àfi bí ẹ bá yí nǹkan kan padà nínú ohun tí ẹ béèrè. Àwọn ọlọ́gbọ́n wá rí i pé tí ènìyàn bá fi àdúgbò tí kò ní òtẹ́ẹ̀lì onírú ìràwọ̀ yẹn rárá kún un, á ráyè pe iye lẹ́ẹ̀kejì láìséwu. Ọgbọ́n ọjà gidi ni.

Wọ́n ti pa ọ̀nà yẹn tì. Ti ọkọ̀ òfuurufú ló kọ́kọ́ lọ lọ́dún 2016, ti òtẹ́ẹ̀lì sì tẹ̀ lé e. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ sanwó kí òun lè kọ́ yín ní àṣírí rẹ̀, ẹ pa owó yín mọ́. Ọ̀nà méjì ló kù lórí ayélujára lónìí: yàrá tí wọ́n fi orúkọ pamọ́, àti gbàǹjo.

Yàrá tí wọ́n fi orúkọ pamọ́

Àgbà ní a kì í yọwó ẹja nínú omi. Ẹja inú omi gan-an ni wọ́n ń tà níbí, nítorí náà iṣẹ́ yín ni láti mọ irú ẹja tó wà nínú omi náà kí ẹ tó yọwó. Priceline ń pe tirẹ̀ ní Express Deals, Hotwire ń pe tirẹ̀ ní Hot Rate, lastminute.com ní tirẹ̀ tó ń pè ní Top Secret. Ìṣe kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n á sọ iye, wọ́n á sọ àdúgbò, ìràwọ̀, àmì tí àwọn tó ti sùn níbẹ̀ fún un, àti ohun tó wà nínú ilé náà. Orúkọ nìkan ni wọ́n máa dì mú títí ẹ ó fi sanwó.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé oníṣòwò wa kan ń lọ sí Paris, ó sì fẹ́ sùn nítòsí Gare du Nord, torí ibẹ̀ kò jìnnà sí Château Rouge tó ti fẹ́ ra ọjà. Ó rí yàrá kan: ìràwọ̀ mẹ́ta, àdúgbò Gare du Nord, àmì 8.1, Wi-Fi wà, oúnjẹ àárọ̀ wà, ibi ìgbọ́kọ̀sí kò sí, ilé ọtí wà nísàlẹ̀, euro 74. Ẹ ṣe báyìí:

Ẹ ṣí ìkànnì kan náà lójú ewé mìíràn, ní apá tí wọ́n ti ń dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi ọjọ́ kan náà sí i. Ẹ sẹ́ ẹ: ìràwọ̀ mẹ́ta nìkan, àdúgbò yẹn nìkan. Bóyá ogún òtẹ́ẹ̀lì ló máa jáde. Ẹ yọ gbogbo èyí tó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó kù méjìlá. Ẹ yọ èyí tí kò ní ilé ọtí, ó kù márùn-ún. Ẹ wá wo àmì: mélòó ló wà ní 8.0 sí 8.2 nínú márùn-ún yẹn? Ó lè jẹ́ méjì, ó lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ nípa méjèèjì. Bí ẹ bá lè sùn nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì láìkùn, ẹ sanwó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ibi tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ìdun ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi í sílẹ̀, ó tì o, bó ti wù kó dínwó tó.

Mo fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìgbésẹ̀ yìí ló yàtọ̀ láàárín ẹni tó ń ná ọjà àti ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́. Ó ń gba ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má jẹ́ kí aago tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn lójú ewé náà, tàbí ọ̀rọ̀ pé yàrá kan péré ló kù, mú yín sáré.

Ohun mẹ́ta kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa irú yàrá yìí. Ìràwọ̀ tí ìkànnì ń fúnni, tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti ìjọba. Ní Faransé, ìjọba ní ìlànà tirẹ̀ tó lọ láti ìràwọ̀ kan dé márùn-ún, ìkànnì Amẹ́ríkà kò sì bá a lọ dandan. Èkejì, àdúgbò wọn lè fẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ fi ìka fẹ àwòrán ilẹ̀ náà, kí ẹ wo igun tó jìnnà jù nínú rẹ̀, kí ẹ bi ara yín léèrè: bó bá jẹ́ igun yìí ni òtẹ́ẹ̀lì náà wà ńkọ́? Ẹ̀kẹta, ènìyàn méjì ni wọ́n ń ṣèlérí àyè fún, wọn kì í ṣèlérí irú bẹ́ẹ̀dì. Ìyá àti àna rẹ̀ lè débẹ̀ kí wọ́n bá bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, tàbí tí ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín, tàbí tí àgbàlagbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn bá wà nínú yín, ẹ má ra yàrá tí wọ́n fi orúkọ pamọ́. Ẹ ra èyí tí ẹ mọ̀.

Ní ti àkókò, yàrá alẹ́ òní ló sábà máa ń rọjú jù. Aago wa l'Àjàṣẹ́ àti ti Paris jọra nígbà òtútù wọn. Nígbà ooru, wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa. New York fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù, márùn-ún nígbà ooru. Nítorí náà bí ọmọ yín bá balẹ̀ ní New York ní December, tó sì jẹ́ aago 11 alẹ́ níbí, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹ ṣì lè bá a ná yàrá látorí àga yín. Ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà, tàbí ẹni tó ń rìnrìn àjò ìgbà àkọ́kọ́, mi ò ní jẹ́ kó gbéra láìní ibi tó máa sùn. Kò sí ẹ̀dínwó tó tó kí ìyá ènìyàn jókòó sórí ẹrù rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Gbàǹjo

Ìkànnì gbàǹjo wà ní Faransé àti Holland, irú bíi Loisirs Enchères àti VakantieVeilingen. Láti euro 1 ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe alẹ́ kan pàtó ni wọ́n sábà máa ń lù, bí kò ṣe ìwé àṣẹ tí ẹ máa fi sùn ní òtẹ́ẹ̀lì náà láàárín oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá pe iye tó ga jù nígbà tí aago bá kú ló ni ín, dandan sì ni kó sanwó.

Èdè Faransé tí a kọ́ nílé ìwé wúlò gan-an níbí. Ẹ ka ìwé àdéhùn náà tán pátápátá. Ibi tí wọ́n bá ti kọ "sous réserve de disponibilité", ìtumọ̀ rẹ̀ fún yín ni pé ẹ lè ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ kí òtẹ́ẹ̀lì sì sọ pé ọjọ́ yín ti kún. Ẹ wo bóyá wọ́n yọ alẹ́ Sátidé tàbí àsìkò ìsinmi ọmọ ilé ìwé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó pe iye kankan, ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì náà tàbí kí ẹ kọ̀wé sí wọn: "Mo ń bọ̀ láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí pẹ̀lú ìwé gbàǹjo, ṣé àyè wà?" Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ẹ wo iye tí òtẹ́ẹ̀lì náà ń tà á fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ yín. Ẹ má wo iye tí ìkànnì gbàǹjo fàlà sí lórí, torí èyí tó wọ́n jù lọ́dún ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá ń ta alẹ́ méjì ní euro 90, tí ìkànnì sì máa gba euro 10 owó iṣẹ́ lórí ohun tí ẹ bá pè, tí ẹ sì fẹ́ jèrè ìdá kan nínú mẹ́rin, euro 57 ni òpin yín. Ẹ kọ 57 sórí ìwé. Bí ẹlòmíràn bá pe 58, ẹ kí i kú oríire nínú ọkàn yín.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ìdíje ń gbóná, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì ń fa aṣọ kan náà lọ́jà, kì í tún ṣe aṣọ ni wọ́n ń rò mọ́, bí kò ṣe ẹni tó ń dù ú. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ọjà kan náà máa ń padà wá sórí àtẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́la tàbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà mìíràn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta wo gbàǹjo òtẹ́ẹ̀lì kan láìpe iye kankan. Ẹ máa kọ iye tó parí sí àti aago tó parí. Ẹ ó rí i pé ìgbà kan ń bẹ tí ojú kì í pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó sì mọ iye tó rẹlẹ̀ jù tó ti gbà rí. Ẹ má pe iye láti ìbẹ̀rẹ̀, ńṣe lẹ kàn ń gbé e sókè fún ara yín. Ẹ dúró dé ìparí. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá máa ń já, ẹ má fi í sí ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn.

Ìkìlọ̀ kan tó ṣe pàtàkì fún àwa tí a ń ti ibí lọ: ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì inú gbàǹjo kì í sí láàárín ìlú. Abúlé ẹlẹ́wà ni wọ́n sábà máa ń wà, tí ọkọ̀ ojú irin kò dé tàbí tó jẹ́ pé owó ọkọ̀ nìkan á jẹ gbogbo èrè tán. Ó dára fún ọmọ wa tó ní mọ́tò ní Lyon tàbí Bordeaux. Kò dára fún oníṣòwò tó ń gbé àpò mẹ́rin.

Káàdì àti orúkọ

Káàdì báǹkì ni ẹ máa fi sanwó. Àwọn báǹkì wa ń ta káàdì Visa tí ènìyàn ń rọ owó sí, ó sì dára fún èyí torí ohun tí ẹ bá rọ sí i nìkan ni olè lè rí jí. Ẹ rọ owó tó lé díẹ̀ sí i, torí báǹkì máa ń yọ owó pààrọ̀. Ẹ bi báǹkì léèrè iye tí wọ́n gbà yín láyè láti ná lórí ayélujára lóòjọ́. Ojúmọmọ ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe alẹ́ tí gbàǹjo ń parí lọ. Ẹ sì fi í sọ́kàn pé nígbà tí ẹ bá dé òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n lè ní àwọn fẹ́ dá owó díẹ̀ dúró lórí káàdì bí ìdógò. Àwọn kan kì í gba káàdì tí a ń rọ owó sí fún ìyẹn. Ẹ pè wọ́n ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ orúkọ, mo kọ́ ọ lọ́nà tó le. Àbúrò ìyá mi, ọmọ Kétu, ń lọ sí Yúróòpù, mo bá a ra yàrá kan tó rẹwà ní ìdajì owó. Inú mi dùn. Mo kọ orúkọ rẹ̀ bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Yorùbá: Adeṣina. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìwé ìbí rẹ̀ láyé ọjọ́un, bí etí Faransé ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n kọ ọ́: Adéchina. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Aago 11 kọjá lálẹ́ nígbà tí fóònù mi dún. "Ọmọ mi, wọ́n ní orúkọ inú ìwé kọ́ ni tèmi o. Wọ́n ní kí n lọ mú ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn wá." Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ dé egungun. Nǹkan bíi wákàtí kan la fi bẹ ọkùnrin orí káńtà náà, mo fi ìwé ìsanwó ránṣẹ́, mo fi àwòrán káàdì tí mo fi sanwó ránṣẹ́, mo ṣàlàyé pé ṣ tiwa ni ch tiwọn. Wọ́n padà jẹ́ kó wọlé. Àṣìṣe tèmi ni, ara àbúrò ìyá mi ló fi san án.

Láti ìgbà náà, mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni láti inú orí mi mọ́. Mo máa ní kí wọ́n ya àwòrán ojú ewé pásípọ́ọ̀tù, màá sì dà á kọ lẹ́tà lẹ́tà láti ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí kò ti sí àmì ohùn rárá. Ògúndélé lè jẹ́ OGOUDELE níbẹ̀, Ọlátúnjí lè jẹ́ OLATOUNDJI. Èyí tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ kọ, ì báà dùn yín tàbí kó má dùn yín.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó, ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì náà fúnra yín lọ́jọ́ kejì kí ẹ rí i pé orúkọ ti dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹ sì fi ohùn tútù béèrè bẹ́ẹ̀dì tí ẹ fẹ́. Wọ́n máa ń ṣe é bí àyè bá wà. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù ìwé ìsanwó, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá kọ ọ̀rọ̀ sí yín lórí WhatsApp pé òun ni òtẹ́ẹ̀lì, pé káàdì yín kò gbà, kí ẹ tún nọ́ńbà rẹ̀ fi ránṣẹ́, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀.

Nílé níbí

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun máa ń bi mí bóyá wọ́n lè rí gbàǹjo fún Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé fóònù ni gbàǹjo tiwa. Ilé àlejò tó dáa wà lọ́dọ̀ wa tí kò sí lórí ìkànnì kankan. Èyí tó wà níbẹ̀ náà, ó ń san nǹkan bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún fún Booking.com lórí yàrá kọ̀ọ̀kan. Owó yẹn ni ẹ lè jọ pín bí ẹ bá pè é tààrà. Mo máa ń wo iye tó wà lórí ìkànnì, màá sì sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí yàrá yín ní 25,000. Alẹ́ mẹ́rin ni àlejò mi máa lò, mo sì fẹ́ san fún yín ní tààrà. Èló lẹ máa ṣe é fún mi?" Lẹ́yìn náà màá dákẹ́. Ẹ má pe iye kí wọ́n tó pè é. Bí wọn kò bá lè yọ owó, ẹ béèrè oúnjẹ àárọ̀, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí àlejò pẹ́ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán kó tó jáde.

Àwọn àsìkò kan wà tí ọjà kò ṣeé ná. Ní nǹkan bí January 10, lásìkò ọdún ìṣẹ̀ṣe, àlejò máa ń kún Ouidah àti Cotonou àní débi pé ó máa ń kan Àjàṣẹ́, tó fi nǹkan bí 30 kìlómítà jìnnà sí Cotonou. August pẹ̀lú, nígbà tí àwọn ọmọ ilé máa ń wá síbi ọdún òmìnira ọjọ́ kìíní oṣù àti ìsinmi. Nígbà wọ̀nyí, ẹ gba yàrá ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ní iye tí wọ́n bá pè. Bákan náà ni Kétu bí eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńlá bá wà: UNESCO ti kà á mọ́ ogún aráyé láti ọdún 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn lọ́dún 2008, àwọn àlejò sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn, ilé àlejò ibẹ̀ kò sì pọ̀. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọjọ́ ìparí ọ̀sẹ̀ ni àwọn tó ń gun òkè máa ń dé. Ẹ lọ ní ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, ẹ ó rí yàrá ná.

Ní Àjàṣẹ́, bí àlejò yín bá fẹ́ ibi tó mọ́ tí kò sì la owó púpọ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ pe Songhaï, ibùdó iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Fáda Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ lọ́dún 1985. Wọ́n ní yàrá àlejò, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ sì ń ti oko wọn wá.

Bí ẹ bá ti fẹnu kò, wọ́n lè ní kí ẹ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ lórí MoMo tàbí Moov. Owó alẹ́ kan tó. Kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà àṣírí yín, ẹ ka orúkọ tó bá jáde lójú fóònù. Bí kì í bá ṣe orúkọ ilé náà tàbí ti ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ dá a dúró kí ẹ pè é padà. Lẹ́yìn tí owó bá ti lọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín: ọjọ́ tí àlejò ń dé, ọjọ́ tó ń lọ, iye alẹ́ kọ̀ọ̀kan, bóyá oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀, iye tí ẹ ti san àti èyí tó kù. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ẹni tó wà lórí káńtà lálẹ́ ọjọ́ tí àlejò bá dé lè má jẹ́ ẹni tí ẹ bá ná ọjà.